Ìtàn Adìẹ Pupa ti Rhode Island

Nínú gbogbo ohun ọ̀sìn tí Ẹlẹ́dàá fi sí abẹ́ ìtọ́jú ọmọ ènìyàn, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ó súnmọ́ ilé ju adìẹ lọ. Màlúù ń gbé pápá, ẹṣin ní ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìdáná ni adìẹ ti ń jẹ, ó sì lè yé ẹyin rẹ̀ sí abẹ́ ibùsùn ẹni tí ó ni ín láìtọrọ àyè. Nítorí ìsúnmọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò pé kò sí ìtàn nínú adìẹ. Wọ́n mọ̀ pé a ń pa á ní ọjọ́ ọdún, wọ́n mọ̀ pé a ń tà á ní ọjọ́ àìní. Wọn kò ronú pé adìẹ tí ó wà ní àgbàlá wọn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó ti wà ṣáájú wọn, gẹ́gẹ́ bí aṣọ òfì ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ahunṣọ.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti sọ ìtàn irú adìẹ kan ṣoṣo, èyí tí a ń pè ní Adìẹ Pupa ti Rhode Island. Rhode Island ni ó kéré jù lọ nínú àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, etí òkun ni ó sì wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà. Mo yan adìẹ yìí nítorí ìdí méjì. Èkíní, a mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀, a mọ díẹ̀ nínú àwọn tí ó tọ́ ọ, a sì mọ ọdún tí ohun pàtàkì ṣẹlẹ̀ sí i. Èkejì, nínú ìtàn rẹ̀ ni a ti rí ìjà kan tí kò tí ì parí títí di òní, ìjà tí ó wà láàrín àwọn tí ń yan adìẹ nítorí àwọ̀ rẹ̀ àti àwọn tí ń yàn án nítorí ohun tí ó lè ṣe. Ẹni tí ó bá ka ìtàn náà dé òpin yóò rí i pé ohun tí a bá yàn ni a óò rí gbà, àti pé ohun tí a kò bá yàn kì í dúró dè wá.

Kí a tó dé Rhode Island, ó yẹ kí a mọ ibi tí gbogbo adìẹ ti wá. Ní ọdún 1868 ni Charles Darwin, onímọ̀ ẹ̀dá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde lórí ẹran ọ̀sìn àti ohun ọ̀gbìn, nínú èyí tí ó sọ pé adìẹ igbó pupa ti ilẹ̀ Éṣíà ni baba ńlá gbogbo adìẹ ilé. Ìwádìí àwọn onímọ̀ tí ó jáde ní ọdún 2020 ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, ó sì tọ́ka sí agbègbè tí ilẹ̀ Ṣáínà, Myanmar àti Thailand ti pàdé. Ohun kan péré ni a rí tí ó yàtọ̀: ìwádìí ọdún 2008 fi hàn pé àwọ̀ ìyeyè tí ó wà ní ẹsẹ̀ adìẹ púpọ̀ kò ti ara adìẹ igbó pupa wá, bí kò ṣe ti ara adìẹ igbó eléérú ti ilẹ̀ Íńdíà.

Adìẹ igbó yìí kéré, ìwọ̀nba ẹyin tí yóò fi bí ọmọ ni ó sì ń yé lọ́dún. Kì í ṣe oògùn ni ènìyàn fi sọ ọ́ di adìẹ ńlá àti adìẹ ayẹ́yin. Yíyàn ni: èyí ni kí a pa, èyí ni kí a tà, èyí ni kí a fi sílẹ̀ kí ó bí ọmọ. Àwọn tí ó ka ìwé Jẹ́nẹ́sísì rántí bí Jákọ́bù ti ya ẹran alámì àti ẹran abilà sọ́tọ̀ nínú agbo Lábánì, tí ó sì ń kíyèsí èyí tí ó lágbára àti èyí tí ó ṣe aláìlera. Iṣẹ́ àtijọ́ ni iṣẹ́ yíyàn. Ṣùgbọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ilé kọ̀ọ̀kan ń yàn gẹ́gẹ́ bí ó ti tọ́ lójú ara rẹ̀, kò sì sí ìwé tí ó sọ bí irú adìẹ kan ti gbọ́dọ̀ rí.

Nǹkan yí padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrín ọdún 1835 sí 1865. Ní ọdún 1835 ni òfin de ìjà àkùkọ ní ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi àkùkọ ta ọ̀pẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun mìíràn tí wọn óò fi adìẹ ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1843, a mú àwọn adìẹ ńlá láti ìhà ìlà-oòrùn Éṣíà wá fún Ọbabìnrin Victoria, ó sì kọ́ ilé fún wọn ní Windsor. Irú adìẹ bẹ́ẹ̀ kò tí ì wọ́pọ̀ lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí: ara wọn tóbi. Ní oṣù kẹfà ọdún 1845 ni a ṣe ìfihàn adìẹ ńlá ní ọgbà ẹranko tí ó wà ní Lọ́ńdọ́nù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1849, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, èrò sì wọ́ tìrítìrí lọ wò ó. Adìẹ di ohun tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń fi owó gọbọi rà. George Burnham, ẹni tí ó jèrè púpọ̀ nínú òwò náà, fi adìẹ ránṣẹ́ sí Ọbabìnrin Victoria ní ọdún 1852. Nígbà tí ó sì di ọdún 1855, òun náà ni ó kọ ìwé tí ó fi wèrè adìẹ tí ó mú gbogbo ènìyàn nígbà náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Níbi tí ìdíje bá wà, òṣùwọ̀n kò gbọ́dọ̀ ṣàìsí. Ní ọdún 1865 ni William Tegetmeier, ẹni tí ó ran Darwin lọ́wọ́ nínú ìwádìí rẹ̀, tẹ ìwé òṣùwọ̀n adìẹ jáde ní Lọ́ńdọ́nù. Ní ọdún 1873 àwọn olùsìn adìẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Buffalo, wọ́n sì tẹ ìwé òṣùwọ̀n tiwọn jáde ní ọdún 1874. Láti ìgbà náà ni adájọ́ ti lè di adìẹ mú ní ọwọ́ kan, kí ó ṣí ìwé ní ọwọ́ kejì, kí ó sì sọ pé ogbe rẹ̀ kò tọ́, tàbí pé ìyẹ́ funfun kan wà níbi tí ìyẹ́ dúdú ti yẹ kí ó wà.

Ohun rere ni òṣùwọ̀n jẹ́, nítorí pé òun ni kò jẹ́ kí irú kan dàpọ̀ mọ́ òmíràn títí a óò fi wá a tì. Ṣùgbọ́n ewu kan fara pamọ́ sínú rẹ̀. Àwọn baba wa a máa wí pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ohun tí ojú adájọ́ lè rí láàrín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọ̀, ogbe, ìdúró àti títóbi. Iye ẹyin tí adìẹ yé lọ́dún kò hàn lára rẹ̀ ní orí tábìlì ìfihàn. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè rí níbẹ̀ iye ọmọ rẹ̀ tí ó yè, tàbí bí ó ti fara da òtútù àti àrùn.

Àpẹẹrẹ kan wà tí àwọn olùsìn adìẹ kò gbàgbé. Adìẹ dúdú kan wà tí a ń pè ní ti Sípéènì, tí ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Nígbà kan, ọ̀kan nínú àwọn adìẹ tí a yìn jù lọ fún ẹyin ni. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ fẹ́ràn ojú funfun náà, ẹyẹ tí ojú rẹ̀ gbòòrò jù lọ ni ó sì ń gba ẹ̀bùn. Àwọn tí ń sìn ín wá ń yan ojú funfun ní ìran dé ìran, títí awọ funfun náà fi ń rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá gbà. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, adìẹ náà ti di aláìlera, òmọ rẹ̀ ṣòro í tọ́, ẹyin rẹ̀ sì dín kù. Kò sí ẹni tí ó pinnu pé kí adìẹ náà di aláìlera. Wọn kàn gbàgbé láti yan agbára ni.

Ní àkókò kan náà tí àwọn ará Lọ́ńdọ́nù àti Boston ń ṣe ìfihàn, àwọn àgbẹ̀ kan wà ní abúlé Little Compton ní Rhode Island tí kò bìkítà fún ẹ̀bùn rárá. Ẹyin àti ẹran ni wọ́n ń tà ní ọjà. Òtútù ilẹ̀ wọn korò, yìnyín a sì máa bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀; nítorí náà adìẹ tí yóò wúlò fún wọn gbọ́dọ̀ lágbára, kí ó máa yé ní ìgbà òtútù, kí ara rẹ̀ sì lẹ́ran nígbà tí ó bá dẹ́kun ẹyin yíyé. Àwọn ọkọ̀ ojú omi sábà máa ń gbé àjèjì adìẹ wá láti ilẹ̀ jíjìn dé àwọn èbúté tí ó wà nítòsí wọn. Ìtàn sọ pé ní ọdún 1854 ni William Tripp, ọ̀gá ọkọ̀ tí ó ń gbé Little Compton, ra àkùkọ pupa kan, irú ti ilẹ̀ Malay, lọ́wọ́ atukọ̀ kan. Ó dà á mọ́ àwọn adìẹ tirẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí ó ti inú rẹ̀ jáde ń yé dáradára, ẹran wọn sì dára. Òun àti John Macomber, tí ó wà ní Westport nítòsí, wá ń ṣe pàṣípààrọ̀ adìẹ, wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ adìẹ Ṣáínà, ti Malay àti ti Leghorn lọ́ ara wọn, wọ́n sì ń fi èyí tí ó dára jù lọ sílẹ̀ láti bí ọmọ. Àwọn aládùúgbò ń pe adìẹ wọ̀nyí ní adìẹ Tripp.

Ẹ kíyèsí i bí nǹkan ti rí nígbà náà. Àkùkọ pupa ni àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí sábà ń fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ka àwọ̀ sí òfin. Nínú agbo kan náà a lè rí pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ àti pupa tí ó ki. A lè rí ogbe tí ó dúró ṣánṣán bí ayùn àti ogbe tí ó tẹ́ mọ́rí. Àkájọ ẹyin ni ìwé òṣùwọ̀n wọn, ọjà sì ni adájọ́ wọn. Nígbà tí ó yá, Isaac Wilbour, ẹni tí ó ní ọgbà adìẹ ńlá jù ní agbègbè náà, ra irú náà lọ́wọ́ wọn, ó sọ ọ́ di púpọ̀, òun ni a sì kà sí ẹni tí ó fún un ní orúkọ Adìẹ Pupa ti Rhode Island.

Kò pẹ́ tí àwọn olùfẹ́ ìfihàn fi gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ní ọdún 1898 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún irú yìí nìkan. Ní ọdún 1904 ni ìwé òṣùwọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba èyí tí ogbe rẹ̀ dúró ṣánṣán wọlé. Èyí tí ogbe rẹ̀ tẹ́ mọ́rí sì tẹ̀lé e láìpẹ́. Òṣùwọ̀n náà sọ pé kí àkùkọ tí ó dàgbà wọ̀n tó pọ́nùn 8½, kí àgbébọ̀ sì wọ̀n tó pọ́nùn 6½. Kí ara rẹ̀ gùn, kí ó fẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́jú, bí ẹni pé a gbé bíríkì kan lé ẹsẹ̀ méjì. Ní ti àwọ̀, kí ó pọ́n, kí pupa náà ki kí ó sì máa dán, láti orí dé ìdí. Kí ìrù rẹ̀ dúdú pẹ̀lú ìdán tí ó jọ àwọ̀ ewé. Kí dúdú díẹ̀ wà nínú apá rẹ̀. Àní bí a bá fẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, pupa ni kí ìdí ìyẹ́ náà jẹ́. Bí eérú bá hàn níbẹ̀, àbùkù ni.

Ẹni tí ó bá ka òṣùwọ̀n náà dáradára yóò rí i pé kò gbàgbé ara adìẹ. Àyà tí ó fẹ̀ àti ẹ̀yìn tí ó gùn ni ibi tí ẹran yóò gbé wà, àti ibi tí ìfun àti ilé ẹyin yóò ti rí àyè. Àwọn tí ó gbọ́n nínú àwọn olùsìn a sì máa wo ara ṣáájú, kí wọn tó wo àwọ̀. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti rí àwọ̀, ó ṣòro láti mọ ara. Díẹ̀díẹ̀ ni pupa ń ki sí i nínú agbo àwọn olùfẹ́ ìfihàn, títí ó fi dà bí pákó ọ̀gànwó tí a ti fi epo pa. Nínú ọ̀pọ̀ agbo wọ̀nyí, òròmọdìẹ pẹ́ kí ó tó ru ìyẹ́, ẹyin kò sì pọ̀ bí ti àtijọ́.

Ohun kan wà tí ó tún mú ọ̀rọ̀ yìí le. Adìẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, bí ti Rhode Island, inú oúnjẹ ni ó ti ń rí àwọ̀ náà. Nígbà tí ó bá ń yé ẹyin, inú pupa ẹyin ni àwọ̀ náà ń lọ. Bí ó bá sì ń yé láìdẹ́kun fún oṣù púpọ̀, àwọ̀ yóò tán ní etí ojú rẹ̀, yóò tán ní ẹnu rẹ̀, níkẹyìn yóò tán ní ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì ṣì. Bákan náà ni ìyẹ́ rẹ̀ yóò gbó, nítorí pé adìẹ tí ń yé dáradára a máa pẹ́ kí ó tó já ìyẹ́ sílẹ̀. Ó wá já sí pé àgbébọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ jù lọ nínú ọdún lè jẹ́ èyí tí ó burẹ́wà jù lọ ní ìparí ọdún, nígbà tí ọ̀lẹ yóò máa dán bí aṣọ ọjọ́ ọdún. Adájọ́ tí ó bá wo ojú nìkan yóò fi ẹ̀bùn fún ọ̀lẹ. Nígbà tí a rán Sámúẹ́lì lọ sí ilé Jésè, àṣìṣe tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nìyẹn.

Àwọn àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, tí kò jìnnà sí Rhode Island, gba ọ̀nà mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún 1915 ni adìẹ pupa dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa àwọ̀. Wọ́n ń yan èyí tí ó tètè dàgbà, èyí tí ó tètè ru ìyẹ́, èyí tí ó ń yé ẹyin ńlá, àti èyí tí kò tètè kú. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, adìẹ wọn ti yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé òṣùwọ̀n fi gbà á wọlé ní ọdún 1935 gẹ́gẹ́ bí irú mìíràn, tí ó ń jẹ́ New Hampshire. Pupa rẹ̀ ti ṣì, kò ki mọ́. Nígbà tí a sì ṣe ìdíje ńlá ní Amẹ́ríkà láti wá adìẹ ẹlẹ́ran tí ó dára jù, tí ó parí ní ọdún 1948, ẹ̀jẹ̀ New Hampshire wà lára adìẹ tí ó borí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹni tí ó bá ti kọ àwọ̀ sílẹ̀ ti di ọlọ́gbọ́n. Yíyan ànfàní pàápàá ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Maine, láti ọdún 1898, Ọ̀gbẹ́ni Gowell ti ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe àwọn ìtẹ́ kan tí ilẹ̀kùn wọn ń ti ara rẹ̀ nígbà tí adìẹ bá wọlé, kí a lè mọ ẹni tí ó yé ẹyin kọ̀ọ̀kan. Plymouth Rock abilà ni adìẹ rẹ̀. Àgbébọ̀ tí ó bá yé tó ẹyin 160 lọ́dún ni ó ń fi sílẹ̀ láti bí ọmọ, àkùkọ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ àgbébọ̀ tí ó yé tó 200. Ta ni yóò sọ pé èyí kò tó? Síbẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí Raymond Pearl àti Frank Surface yẹ ìwé àkọsílẹ̀ náà wò, tí wọ́n sì kéde ohun tí wọ́n rí ní ọdún 1909, kò sí àlékún nínú iye ẹyin agbo náà.

Kí ni ó fà á? Ẹyin púpọ̀ tí adìẹ kan yé lè jẹ́ nítorí oúnjẹ rere tàbí ibi tí ó gbé, kì í ṣe ohun tí ó lè fi fún ọmọ rẹ̀. Bákan náà, àkùkọ kì í yé ẹyin, ṣùgbọ́n ó ń fi àjogúnbá ẹyin yíyé fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. A kò sì lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bí kò ṣe nípa wíwo àwọn ọmọbìnrin náà. Nítorí náà ni a ṣe kọ́ láti máa ṣe ìdájọ́ ìyá àti baba nípa ọmọ, kí a pa ọmọ ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ́ lọ́tọ̀, kí a sì fi ìdílé wé ìdílé. Ìwádìí yìí bọ́ sí àkókò tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rí iṣẹ́ Gregor Mendel, àlùfáà ilé àwọn mọ́ńkì tí ó fi ẹ̀wà mọ òfin àjogúnbá ní ọdún 1866. Ní ọdún 1902 ni William Bateson fi ogbe adìẹ hàn pé òfin Mendel kò mọ sí ara ewéko nìkan.

Láti inú ìmọ̀ yìí kan náà ni a ti rí i pé àwọ̀ lè di ìránṣẹ́ dípò kí ó jẹ́ ọ̀gá. Nígbà Ogun Ńlá ti ọdún 1914 sí 1918, oúnjẹ wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ bọ́ àkùkọ tí kì yóò yé ẹyin. Reginald Punnett ti Cambridge dá a lábàá pé kí a fi àwọ̀ ìyẹ́ ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo ní ọjọ́ tí a bá pa wọ́n. Bí a bá jẹ́ kí àkùkọ pupa ti Rhode Island gun àgbébọ̀ Sussex funfun, àwọn ọmọbìnrin yóò pọ́n bí baba wọn, àwọn ọmọkùnrin yóò sì ṣì bí ìyá wọn. Bí a bá yí i padà, tí àkùkọ jẹ́ funfun tí àgbébọ̀ sì jẹ́ pupa, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ẹ̀jẹ̀ Adìẹ Pupa ti Rhode Island wà nínú ọ̀pọ̀ adìẹ pupa ayẹ́yin tí a ń rí ní oko adìẹ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní ibi gbogbo tí a ti ń ta ẹyin pupa.

Ní ilé tí adìẹ náà ti ṣẹ̀, ìjà àwọ̀ àti ànfàní hàn gbangba lára òkúta. Ní ọdún 1925 ni a gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ fún un ní Adamsville, abúlé kan ní Little Compton. Ní ọdún 1926 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé òmíràn kalẹ̀ ní ibi tí kò jìnnà síbẹ̀, ó sì fi èyí bu ọlá fún àwọn àgbẹ̀ tí ó sin adìẹ náà fún ọjà, dípò àwọn olùfẹ́ ìfihàn. Òkúta méjì fún adìẹ kan! Ní ọdún 1954 ni ìpínlẹ̀ Rhode Island sì fi adìẹ náà ṣe ẹyẹ àmì rẹ̀.

Lójú tèmi, òkúta méjèèjì ni ó tọ́. Bí kì í bá ṣe ti àwọn àgbẹ̀, adìẹ náà kì bá tí wà. Bí kì í bá sì ṣe ti àwọn olùfẹ́ ìfihàn, kì bá tí pẹ́ tó báyìí, nítorí pé nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá gba òwò adìẹ lẹ́yìn ọdún 1950, tí adìẹ ẹlẹ́ran ń dàgbà tó pípa láàrín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn àgbẹ̀ púpọ̀ kọ adìẹ àtijọ́ sílẹ̀. Àwọn díẹ̀ tí ó fẹ́ràn àwọ̀ ọ̀gànwó náà ni ó pa á mọ́ sí ẹ̀yìn ilé wọn. Ní ọdún 1977 ni a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti dáàbò bo irú ẹran ọ̀sìn àtijọ́, ní ọdún 2009 sì ni ẹgbẹ́ náà sọ ohun tí a ń pè ní adìẹ ìṣẹ̀ǹbáyé: kí ó wà nínú ìwé òṣùwọ̀n ṣáájú àárín ọ̀rúndún ogún, kí akọ àti abo lè gun ara wọn láìsí ìrànlọ́wọ́ ènìyàn, kí àgbébọ̀ lè bímọ fún ọdún márùn-ún sí méje, kí ó má sì tètè dàgbà tó pípa ṣáájú ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ẹ wò ó bí òṣùwọ̀n náà ti pàdà sí ọ̀dọ̀ ara àti ìlera.

Kí ni èyí kàn wá sí? Ó kàn wá gidigidi. Adìẹ ìbílẹ̀ wa kò ní ìwé òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n a ti yàn án. Oòrùn yàn án, àrùn yàn án, àwòdì pẹ̀lú yàn án. A ní òpìpì, a ní èyí tí ọrùn rẹ̀ wà ní ìhòòhò, a ní èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ padà. Àwọn kan ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé wọn kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé adìẹ ọlọ́rùn ìhòòhò àti oníyẹ́ kíká ń tú ooru ara wọn jáde ju àwọn mìíràn lọ, wọ́n sì ń fara da ilẹ̀ tí ó gbóná. Ohun tí à ń pè ní àbùkù ni ànfàní wọn. Ní Abẹ́òkúta, Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún lo ẹ̀jẹ̀ adìẹ ìbílẹ̀ wa láti fi ṣe irú kan tí wọ́n pè ní FUNAAB Alpha, èyí tí ìjọba ilẹ̀ Nàìjíríà forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2018.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ẹ lè kọ́ àwọn ọmọ ní òfin yìí láìná owó púpọ̀. Àṣà kan wà ní ilé púpọ̀ tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú kúrò: àkùkọ tí ó tóbi jù lọ ni à ń pa ní ọdún Kérésìmesì, àgbébọ̀ tí ó sanra jù lọ ni à ń gbé lọ sí ọjà, ráńpẹ́ tí ó ṣẹ́kù ni yóò sì ṣe baba àti ìyá fún agbo ọdún tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ń yàn láìmọ̀ pé à ń yàn, ìyà rẹ̀ ni a sì ń yàn. Kí ọmọ kan di okùn aláwọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ òròmọdìẹ ìyá kọ̀ọ̀kan. Kí a kọ iye ẹyin tí ìyá kọ̀ọ̀kan yé sínú ìwé, iye tí ó pa, àti iye tí ó yè di oṣù mẹ́ta. Kí a wọn àkùkọ ní ọjọ́ orí kan náà. Nígbà tí ọdún bá parí, kí a mú àkùkọ láti inú ìdílé tí ó yè jù tí ó sì yé jù, ìbáà má dán tó arákùnrin rẹ̀. Láàrín àwọn tí ó dọ́gba, nígbà náà ni kí a wá yan èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wù wá, nítorí Ọlọ́run tí ó dá ẹyin ni ó dá ìyẹ́ pẹ̀lú, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ẹwà.

Ẹyin ní ń di àkùkọ. Àkùkọ tí a bá pa ní oṣù yìí, baba àwọn adìẹ kan tí a kì yóò rí mọ́ láé ni a pa. Èyí tí a bá fi sílẹ̀, àwọn ọmọ wa ni yóò jẹ ọmọ rẹ̀. Nítorí náà kí a gbé e wò dáradára, kí a fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, kí a béèrè ìyá rẹ̀, kí a tó mú ọ̀bẹ.